Ohùn Inú Àwo: Ìtànṣán Léésà, Ọjà Alábà àti Ìtàn Fíìmù Yorùbá



Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ nípa ìtànṣán léésà ní gbọ̀ngàn yìí. Ẹ óò wí pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ni. Bẹ́ẹ̀ ni, tiwọn ni. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń gbọ́ ìtàn ní èdè wọn láàárín nǹkan bí ọdún 2000 sí 2015, a óò rí i pé kì í ṣe inú ìwé, kì í sì í ṣe abẹ́ igi lóṣùpá. Inú àwo pẹlẹbẹ kan tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ ni, tí a rà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí a sì kì bọ inú ẹ̀rọ tí ń fi léésà kà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn lítíréṣọ̀ Yorùbá ti àkókò wa, tí kò sì bèèrè bí àwo yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ọjà tí ó ti jáde, ààbọ̀ ìtàn ni yóò kọ.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì so mọ́ ara wọn. Ẹ̀rọ tí ń fi léésà ka àwo ni ó gbé fíìmù Yorùbá wọ ilé olówó àti ilé mẹ̀kúnnù. Ẹ̀rọ kan náà ni ó gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe fíìmù náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni èyí tí mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn láti gbọ́: ọjà tí a ń bú ní olè yẹn ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ilé ìpamọ́ kan ṣoṣo tí ó kù fún púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ní 1917 ni Albert Einstein ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kan átọ̀mù tí ó ti gba agbára sára, ó lè mú kí ó tu ìmọ́lẹ̀ mìíràn jáde tí ó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba ní gbogbo ọ̀nà. Ọdún 43 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fi ojú rí i. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1960, ní Malibu ní ìpínlẹ̀ California, Theodore Maiman fi òkúta rúbì kékeré kan tan léésà àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà a máa fọ́n káàkiri bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu agogo fún. Ti léésà a máa tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ọmọ ogun: àwọ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, ọ̀nà kan. Àpárá tí wọ́n ń dá nípa rẹ̀ nígbà náà ni pé ìdáhùn ni, ìbéèrè rẹ̀ ni kò tíì sí.

Ọjà wà lára ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1974, ní ilé-ìtajà kan ní Troy ní ìpínlẹ̀ Ohio, léésà ka ìlà dúdú àti funfun tí ó wà lára páálí ṣingọ́ọ̀mù kan, owó rẹ̀ sì yọ lójú ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni léésà ti ń wọ ohun èlò ilé lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé orí tábìlì, ọ̀pá kékeré tí olùkọ́ fi ń tọ́ka sí ara ògiri (àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ di ohun ìṣeré báyìí, wọ́n ń tàn án sí ara wọn lójú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn), àti pàtàkì jù lọ fún ọ̀rọ̀ tiwa, síídì. Ilé-iṣẹ́ Philips ti Netherlands àti Sony ti Japan ni ó jọ ṣe é. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1982 ni ẹ̀rọ tí ń lò ó kọ́kọ́ dé orí àtẹ ní Japan.

Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ni ó wà lára síídì, ó ń yí bí ìkarahun ìgbín. Bí a bá lè tú u sílẹ̀ gbọọrọ, yóò gùn ju kìlómítà 5 lọ. Ihò wínníwínní tí ojú kò lè rí ni wọ́n tẹ̀ sára ọ̀nà náà, òmíràn gùn, òmíràn kúrú. Ìtànṣán léésà tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nanomítà 780 a máa kọjá lórí wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣe ń padà bọ̀ ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ bóyá 1 ni ó kà tàbí 0, àti láti inú 1 àti 0 yẹn ni orin, ọ̀rọ̀ àti àwòrán ti ń jáde. Àwọn ènìyàn wa a máa sọ pé ojú odù Ifá tí a ń tẹ̀ ní ẹyọ kan tàbí méjì ni ó bí gbogbo èyí. N kò bá wọn dé ibẹ̀. Ohun tí a lè sọ láìṣe àṣejù ni pé àwọn baba wa mọ̀ tipẹ́ pé àmì méjì péré tó láti to ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ rẹpẹtẹ.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín síídì àti àwo gírámafóònù tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Abẹ́rẹ́ gírámafóònù a máa họ àwo. Gbogbo ìgbà tí a bá gbọ́ orin náà ni a ń jẹ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kì í họ ohunkóhun. Àwo tí a gbọ́ lẹ́ẹ̀kan àti àwo tí a gbọ́ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú léésà.

OHÙN ÀTI Ọ̀FUN

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Gbogbo ètò owó àwọn apohùn wa ni ó dúró lórí òtítọ́ yìí. Oníjàlá, onírárà, ẹlẹ́sà egúngún, ọ̀fun wọn ni ìṣúra wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ wọn ní láti pè wọ́n, kí ó fún wọn ní oúnjẹ, kí ó sì fi owó lé wọn níwájú orí. Bí ọ̀dọ́mọdé bá kọ́ oríkì kan lẹ́nu wọn tí ó lọ ń kì í níbòmíràn, iyì ni ó jẹ́ fún wọn, kò sì dín owó wọn kù. Ẹni tí ó pè wọ́n kò lè rí ọ̀fun wọn lọ́rùn ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí èdè wa kò fi ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún ẹni tí ó jí orin gbé. Kò sí ohun tí a lè jí.

Ní 1922, Alùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti lọ sí London, ó sì kọ orin 43 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ó wà lára àwọn ẹni àkọ́kọ́ tí ohùn Yorùbá wọn kúrò nínú ọ̀fun, tí ó ń gbé lọ́tọ̀. Ó kú ní 1930. Ohùn rẹ̀ kò bá a lọ. Láti ìgbà náà ni ẹyin ti lè balẹ̀ tí kò fọ́, tí ẹlòmíràn sì lè ṣà á.

Àwọn òṣèré orí ìtàgé ṣì rí ọ̀nà àtijọ́ tọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Hubert Ògúndé ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Glover Memorial Hall ní Èkó ní 1944, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ní 1945. Ẹnu ọ̀nà ni a ti ń sanwó: ẹni tí kò bá san kò ní wọlé. Nígbà tí fíìmù dé, tí Ajani Ogun jáde ní 1976, tí Ògúndé fúnra rẹ̀ sì ṣe Aiye ní òpin ọdún mẹ́wàá yẹn, wọn kò jẹ́ kí agolo fíìmù kúrò lójú wọn. Olówó fíìmù ni ó ń gbé e láti ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kó àwọn òṣèré kiri tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù ni, ọgbọ́n sì ni. Ọ̀fun náà ti di agolo, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lọ́rùn ẹni tí ó ni ín.

Owó náírà tí ó wó lulẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 ni ó fọ́ ètò yìí. Fíìmù sẹlulọ́ìdì di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́, àwọn òṣèré sì yí sí fídíò. Sóso Méjì, tí ó jáde ní 1988, wà lára àwọn tí ó ṣíwájú. Oníṣòwò kan tí ń ta kásẹ́ẹ̀tì òfìfo àti ẹ̀rọ, Kenneth Nnebue, fowó sí Àjẹ́ Ni Ìyá Mi tí Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe ní 1989, kí ó tó ṣe Living in Bondage lédè Igbo ní 1992. Ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé ètò yẹn: orí fíìmù Yorùbá ni ẹni tí ayé ń pè ní baba Nollywood ti kọ́ iṣẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ṣeé dà kọ, wọ́n sì ń dà á kọ. Ṣùgbọ́n ó ní ìjánu lára. Ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì kò dára tó ti àkọ́kọ́. Ẹ̀dà ẹ̀dà a máa ṣú. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin tàbí ìkarùn-ún, òjò ni a ń wò, a kò mọ ojú ọkọ yàtọ̀ sí ojú ìyàwó. Nítorí náà, ìdí ṣì wà láti ra ojúlówó.

Ní 1993 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ẹnu kò sórí ìlànà VCD: àwo tí ó rí gẹ́lẹ́ bí síídì, tí léésà kan náà ń kà, ṣùgbọ́n tí ó gba àwòrán fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 74. Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. China àti àwọn ìlú Éṣíà mìíràn ni ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ti dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí ọdún 2000 sì kọjá díẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ń kú lọ. Pẹ̀lú àwo yìí, kò sí ohun tí ń jẹ́ ẹ̀dà mọ́. Èyí tí a dà kọ àti èyí tí a ti ara rẹ̀ dà á kọ, 1 àti 0 kan náà ni. Olè àti olóhun wọ aṣọ kan náà wọ ọjà.

Ìwọ̀n ìṣẹ́jú 74 yẹn tún ṣe nǹkan sí ìtàn gan-an, èyí sì ni apá tí ó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fíìmù wákàtí méjì kò lè wọ àwo kan, ó di àwo méjì nínú páálí kan. Òótọ́ ni pé àṣà apá kìíní àti apá kejì ti wà láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí òǹkọ̀wé eré ní láti ronú nípa ibi tí ènìyàn yóò ti dìde lórí àga láti pààrọ̀ àwo, kí ó má baà lọ sùn. Nítorí náà a óò rí i nínú ọ̀pọ̀ fíìmù àsìkò yẹn pé láàárín gbùngbùn ìtàn ni aṣírí máa ń tú, tàbí kí ẹni tí a rò pé ó ti kú yọ lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbẹ́ àwo ńlá ti sọ orin jùjú di ẹ̀gbẹ́ méjì ṣáájú, tí olórin fi ń so orin bí márùn-ún pọ̀ láìdúró títí ẹ̀gbẹ́ kan yóò fi kún. Àlọ́ kò ní irú ààlà yìí. Oorun ọmọ ni ó ń parí àlọ́.

ALÁBÀ

Ilẹ̀ Àwórì ni ilẹ̀ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò. Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ni ó sọ wọ́n di ohun tí wọ́n dà lónìí. Ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbẹ̀ ní 1975, ibùdókọ̀ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ọgbà ìpàtẹ ọjà àgbáyé ṣí ní 1977. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó dé ní 1983. Láàárín èyí ni àwọn tí ń ta ẹ̀rọ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kó wá sí Ọ̀jọ́, tí Alábà fi di ọjà ẹ̀rọ tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀.

Alábà méjì ni ó wà, àwọn àlejò a sì máa pa wọ́n pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní International ni ti àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ, Igbo ni ọ̀pọ̀ wọn. Alábà Ragó ni ti àwọn Hausa: ragó ni wọ́n ń pe àgbò lédè wọn, ọjà àgbò àti ewúrẹ́, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà ni a fi mọ̀ ọ́n kí ó tó tún di ibi tí a ti ń rí àlòkù ẹ̀rọ àti àwo orin. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Fíìmù Yorùbá tí a ṣe ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta a gba ọwọ́ àwọn olùtajà Yorùbá ní Ìdúmọ̀tà, lẹ́yìn náà a sì dé Ọ̀jọ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú àṣẹ ẹni tí ó ni ín, nígbà mìíràn láìsí àṣẹ kankan, láti ibẹ̀ ni yóò ti wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnu, Lomé, Accra àti Kánò.

Ọjà yìí kan náà ni ó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀, tí ó ń kọ NO DISC sí ojú nígbà tí àwo wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn alátùn-únṣe mọ̀ pé lẹ́ǹsì ni. Òwú àti sípíríìtì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń nù ún. Bí kò bá gbọ́, wọn a yọ lẹ́ǹsì lára ẹ̀rọ mìíràn tí ó ti kú, wọn a fi rọ́pò rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú iṣẹ́ yẹn tí a kò kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan. Òkìtì ẹ̀rọ tí ó ti kú náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2005, àjọ Basel Action Network ṣe ìwádìí ní Èkó, wọ́n sì fojú bù ú pé kọ̀ǹténà 500 ni ó ń gbé àlòkù ẹ̀rọ wọlé lóṣooṣù, tí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó wà nínú wọn sì lè jẹ́ pàǹtírí. Àwọn ọmọ tí ń sun wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀ ni ó ń fà èéfín náà símú.

Nígbà tí DVD dé, tí léésà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù ti síídì lọ, tí ó fi lè ka ihò tí ó tún kéré sí i, ọ̀ràn náà burú sí i: a bẹ̀rẹ̀ sí í rí fíìmù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwo kan ṣoṣo, ní iye tí kò tó owó ojúlówó fíìmù kan. Àwọn ayíwo náà ń kó orin àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ sínú síídì láìsanwó fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: àwọn ọ̀dọ́ olórin tí rédíò kò gbà ni ó ń wá àyè nínú síídì yẹn lójú méjèèjì, torí pé láti Alábà ni orin wọn yóò ti dé gbogbo ọkọ̀ dáńfó. Ìrònú oníjàlá ni ìyẹn: kí ohùn mi kọ́kọ́ tàn, kí wọ́n lè pè mí wá ṣeré. Ẹni tí ń ṣe fíìmù kò lè ronú bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò pe fíìmù wá sí òde ìnáwó?

Ìjọba kò sùn pátápátá. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ jáde ní 1988, ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989. Ní 1999 ni wọ́n pàṣẹ pé kí a lẹ hologram mọ́ fíìmù àti orin kí a lè mọ ojúlówó. Léésà náà ni a sì fi ń ṣe hologram, tí ó túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ kan náà ni olùṣọ́ àti olè ń lò. Ètò ìgbógunti ayédèrú tí a ń pè ní STRAP bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ìlànà lórí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ àwo tẹ̀lé e ní 2006. Òfin tuntun ti 2022 gba ìbuwọ́lù ààrẹ ní oṣù kẹta 2023, nígbà tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ń ra àwo mọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn tí ó ṣe fíìmù pàdánù. Túndé Kèlání sọ Ó Le Kú, ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, di fíìmù ní 1997. Ó ṣe Ṣaworoidẹ ní 1999. Àwọn tí ó mọ Àjàní àti Àṣàkẹ́ láti inú àwo pọ̀ fíìfíì ju àwọn tí ó ka ìwé náà lọ, gẹ́gẹ́ bí gbogbo olùkọ́ tí ó wà níhìn-ín ṣe mọ̀. Mélòó nínú wọn ni owó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́? N kò ní fi ẹnu mi dá àwọn oníṣòwò láre. Òṣèré tí ó ṣàìsàn tí kò rí owó ìtọ́jú, tí àwo rẹ̀ sì wà ní gbogbo ìsọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpárá.

OHUN TÍ Ó KÙ

Netflix ṣí ilẹ̀kùn fún Nàìjíríà ní 2016. Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde lórí rẹ̀ ní 2022, Jagun Jagun tẹ̀lé e ní 2023. Ẹ má sì rò pé léésà ti fẹ̀yìn tì. Abẹ́ òkun ni ó lọ: inú okùn bí SAT-3 àti MainOne, tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó, ìtànṣán léésà ni ó ń gbé fíìmù náà gba inú fọ́nrán gíláàsì wá sí fóònù wa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí ohun tí a dì mú. Bí àdéhùn bá parí, tí ilé-iṣẹ́ náà sì yọ fíìmù kúrò, kò sí ibi kankan ní ilé wa tí ó kù sí.

Fíìmù tí ó tóbi yóò rí ẹni pa á mọ́. Ti àwọn mìíràn ni mo ń rò: fíìmù olówó kékeré tí a ṣe ní Ọ̀ṣogbo, Ìlọrin, Ìjẹ̀bú-Òde, tí òṣèré inú rẹ̀ ń sọ ẹ̀ka-èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ mọ́, tí kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ rẹ̀ ti hu olú nínú yàrá olùtajà. Bí ẹ̀dà kan bá kù nínú irú èyí, ayédèrú tí ẹnì kan rà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni yóò jẹ́. Shaihu Umar, fíìmù Hausa ti 1976, a rò pé ó ti sọnù títí wọ́n fi rí i ní ilé ìpamọ́ ní Jos, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Sẹlulọ́ìdì ni ìyẹn, agolo rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìjọba. Kò sí agolo fún tiwa. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí pé kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, kí wọ́n gba àwo lọ́wọ́ àwọn òbí wọn, lọ́wọ́ àwọn tí ó ti ń yá fíìmù fún adúgbò rí, àti ní àwọn ìsọ̀ tí ó ṣì ní wọn ní Alábà, ojúlówó àti ayédèrú, kí a má ṣe ìyàtọ̀, kí a sì kọ ibi tí a ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ kò ní parẹ́ nípa bẹ́ẹ̀. A óò wá wọn, a óò sì bá wọn ṣe àdéhùn kí a tó fi han ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní wọn nílé, ẹ má ṣe fi bírò kọ nǹkan sí ojú òkè àwo, ibi tí àwòrán àti orúkọ wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀gbẹ́ tí ń dán ni ó gbẹgẹ́, ṣùgbọ́n lára síídì àti VCD, abẹ́ orúkọ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni ó sì bò ó. Bí eruku bá ti gbà á, ẹ má ṣe nù ún yíká-yíká, torí ojú ọ̀nà tí léésà ń tọ̀ ni ìhá bẹ́ẹ̀ yóò bà jẹ́ lọ jìnnà. Aṣọ òwú tí ó mọ́, tí ó sì rọ̀, ni kí ẹ lò, láti àárín jáde sí etí, ní ìlà gbọọrọ.